Ọ̀gá Ti Sọ̀rọ̀ Lórí Ọ́tánétọ̀

Nígbà tí dókítà sọ fún màmá mi pé ojú wọn ń lọ, àti pé èyí tó bá ti lọ kò ní padà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n fẹ́ kí n fi alùpùpù bàbá mi gbé wọn láti ilé wa ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, lọ sí Ìyìn, níbi tí bàbá mi ti fẹ́ wọn, kí wọ́n tún rí òkè olókùúta tí à ń rí kí á tó wọ ìlú náà. Mo ní kí n fi mọ́tò gbé wọn. Wọ́n ní ẹ̀yìn alùpùpù yẹn ni àwọn wà lọ́jọ́ tí àwọn fi òkè náà sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn fẹ́ wà tí àwọn bá ń fi ojú kí i pé ó dìgbóṣe.

Alùpùpù náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀kadà. Ó ga, ó sanra, àpótí méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fàdá òyìnbó kan ló tà á fún bàbá mi nígbà tó ń padà sílé, bàbá mi sì fi í bẹ àwọn ilé-ìwé wò káàkiri Èkìtì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ikú wọn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dáhùn, àmọ́ bátìrì kì í gba iná mọ́. Mẹ́káníìkì tó wá láti Ìgèdè ní ọ́tánétọ̀ ló kú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná. Ó ní irú méjì ni wọ́n ń fi sí alùpùpù yìí: ọ̀kan kéré, èkejì fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, ojú lásán kò sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kí á ṣí ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì, kí á fi rúlà wọn ihò àárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀rọ̀ ì bá bùṣe, àfi bí àbúrò bàbá mi ṣe wọlé. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, torí pé ẹni tí wọn kò bá nà ní kíláàsì, wọ́n ti na bàbá rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn kan ìdérí náà, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n ní èyí tó fẹ̀ ni, pé báwo ni alùpùpù tó tó báyìí yóò ṣe máa lo kékeré.

Mẹ́káníìkì fi rúlà rẹ̀ sápò. Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gá lòun náà rí. Ládùúgbò wa, tí ẹ bá ń wọn ohun tí Ọ̀gá ti sọ, ẹ ti pe Ọ̀gá ní òpùrọ́ nìyẹn. A ránṣẹ́ sí Èkó fún èyí tó fẹ̀.

Ó dé, kò wọlé. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní alùpùpù ló ṣàṣìṣe. Wọ́n rán wa létí pé fízíìsì ni àwọn kọ́, pé irin máa ń súnkì nínú òtútù, kí á gbé alùpùpù sóòrùn kó lè fẹ̀. A gbé e sóòrùn. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí wa kú iṣẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó ti ń fẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Ọ̀gá lọ sí Máàsì, mo ṣí ìdérí náà fúnra mi, mo wọ̀n ọ́n. Kékeré ni. Inú bí mi dé góńgó. Ní gbogbo ìgbà tí irin ń yá oòrùn yìí, màmá mi ti ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù, wọ́n ti ń fọwọ́ tọ ògiri kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn. Mo ní mò ń lọ ko Ọ̀gá lójú. Màmá ní kí n jókòó. Àwọn náà kò lè sọ ọ́: wọ́n ti bí Ọ̀gá kí wọ́n tó gbé màmá mi wọlé, ọkọ wọn ni Ọ̀gá jẹ́, wọn kò sì já ọkọ wọn nírọ́ rí.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, màmá mi kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, òótọ́ lẹ sọ. Èyí tó fẹ̀ ló bá a wá láti ulé òyìnbó. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n yín ló yọ ọ́, tí wọ́n fi kékeré sí i. Wọ́n ní uná rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Irọ́ gbuu ni. Bàbá mi kò lè pààrọ̀ gílóòbù. Àmọ́ Ọ̀gá ṣí fìlà, wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àwọn ló ṣe é, a jẹ́ pé kékeré ló tọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ju Ọ̀gá lọ ní gbogbo Adó, ó sì ti wà nínú ilẹ̀.

A tún ránṣẹ́ sí Èkó. Kékeré dé, ó wọlé wẹ́rẹ́, iná tàn. Màmá mi gun ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀yìn mi, a mú ọ̀nà Ìyìn pọ̀n. A ti sún mọ́ Ìyìn nígbà tí wọ́n béèrè.

"Ṣé a ò tíì dé ubi òkè?"

Mo wo dígí. Òkè náà ti wà lẹ́yìn wa. Mo yí padà, mo rọra tún gbé wọn kọjá níbẹ̀, mo ń sọ fún wọn bí ó ṣe rí: igbó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àpáta dúdú tí omi òjò ń ṣàn lórí rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú mi.

"Tí a bá dé ulé," màmá mi ní, "sọ fún ọkọ mi pé mo rí i."

Mo sọ fún Ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.