Aṣọ Tí A Fi Kún Tí Ó Dín Kù

Ní ìlú òkèèrè tí mo ti ń ṣòwò, òórùn ẹja gbígbẹ láti ọjà Lakpazee ni ó máa ń gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì àwa àgbàlagbà ní ìrọ̀lẹ́, èéfín jẹnẹrétọ̀ a sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá gbọ́ òórùn náà títí di òní, àyà mi a já. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò nígbà náà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì ti sọ pé bí mo bá tún kùnà, wọn yóò fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ iná mànàmáná tí mo fẹ́ lọ kọ́ yóò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ kàwé ní èwe mi. Nítorí náà, mo ń há àpẹẹrẹ ìṣirò sórí bí ẹni há súrà, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀. Bí olùkọ́ bá yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìbéèrè, gbogbo rẹ̀ a fò lọ. Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, kò yé mi síbẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ wa ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ìdáhùn sílẹ̀ àfi bí ó bá kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ó jókòó tì í. Obìnrin kan tí ó ń ṣe búrẹ́dì tà ni ó jókòó tì mí. Mo rọra sọ fún un pé ìdajì ọ̀pá aṣọ, bí a bá fi ìdámẹ́ta ọ̀pá kún un, yóò jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún. Mo ti ro òkè mọ́ òkè, mo ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀.

“Pàpè,” ni ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, “ṣebí aṣọ lẹ̀ ń tà ní Randall Street?”

“Aṣọ ni.”

“Ìdá méjì nínú márùn-ún, ṣé ó tó ìdajì?”

Mo ronú. “Kò tó o.”

“Ẹ ní ìdajì lọ́wọ́, ẹ fi kún un, ó wá dín kù. Èmi ò ní ra aṣọ lọ́wọ́ yín láé.”

Àwọn tí ó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìdánwò ju ìtìjú lọ, mo sì bi í pé, “Kí ló wá dé tí kò fi rí bẹ́ẹ̀?” Òun náà kò mọ̀ ọ́n tán. A jiyàn, a fi ẹfun fa ọ̀pá aṣọ kan sórí tábìlì, a gé e sí mẹ́rin, kò bára mu. A gé e sí mẹ́fà. Ìdajì gba mẹ́ta, ìdámẹ́ta gba méjì. “Márùn-ún nínú mẹ́fà,” ni mo wí.

Nínú ìdánwò, n kò rí ìbéèrè kan tí mo ti há sórí. Mo ń mi ètè láìjẹ́ kí ohùn jáde, bí ẹni pé ẹnìkan jókòó tì mí tí ó ń já mi nírọ́. Agbára káká ni mo fi yege. Ohun tí ó kù fún mi nínú rẹ̀ nìyí: àṣìṣe tí mo bá fi pamọ́ sínú, kò sí ẹni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tí yóò bá mi tún un ṣe.