Ọdún Tí Mo Ní Kí Bàbá Mi Máa Sinmi

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rín rírín di iṣẹ́ àṣetiléwá nílé wa. Bí aago méje àárọ̀ bá ti lù, bàbá mi á jókòó lábẹ́ igi dongoyárò tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Minanata, ní ìlú Sokoto, èmi á dúró níwájú wọn, n ó máa wo aago ọwọ́ mi, n ó sì ní, "Ó yá, Bàbá." Wọ́n á la ẹnu, wọ́n á ní, "Hà, hà, hà." Wọ́n á tún wo ojú mi. "Ṣé ó ti tó?" N ó ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa á dúró wò wá díẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Allah ya sauwaƙe," ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run bá wa mú un fúyẹ́. Èmi á ṣe àmín. Mo rò pé ikú ìyá mi ni wọ́n ń bá wa kẹ́dùn, n kò mọ̀ pé orí tèmi gan-an ni wọ́n ń ṣàdúrà fún.

Àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Sokoto ni mò ń sọ. Ìyá mi ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi tí wọ́n ti fi ohun tó lé ní ogójì ọdún ran fìlà kò sì ran nǹkan kan mọ́. Àwọn ará ilé ránṣẹ́ pé wọn kì í jẹun tán, pé bí èèyàn bá kí wọn, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tí wọ́n bí. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba, mo ní ọ̀kadà, mo háyà ilé oníyàrá mẹ́ta. Kí ni èèyàn tún ń wá kó tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ gidi? Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, èmi sì gbá òwe náà mú bí ìwé àṣẹ. Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo kó abẹ́rẹ́ àti òwú bàbá mi sínú àpótí, mo tì í pa, mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ ti tó. Ẹ wá jókòó tì mí kí ẹ máa sinmi." Wọn kò fèsì. Mo ka àìfèsì wọn sí ọpẹ́.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n kó àwa òṣìṣẹ́ lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan, lórí bí èèyàn ṣe lè ní okun nínú ara, kí inú rẹ̀ máa dùn, kó sì máa jẹ oúnjẹ aṣaralóore. Ikùn ọkùnrin tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó bú ọ̀rá títí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ká lọ jẹun, òun ló kọ́kọ́ dé ìdí àwo ẹran. Èyí kò kọ mí lóminú. Ó fún wa ní ìwé pélébé kan tó ń dán, mo sì gba ìwé náà gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Ó dájú pé ẹni tó kọ ọ́ kò dé Sokoto rí. Ó ní ká máa jẹ ẹja kan tí mo ṣèwádìí rẹ̀ títí, tí wọ́n wá sọ fún mi pé omi tútù nini ní òkè òkun ló ń gbé. Ó ní ẹni tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, kó máa jáde lọ gba oòrùn díẹ̀ sára lójoojúmọ́. Ní Sokoto, níbi tí oòrùn ti ń wá èèyàn wá sínú yàrá! Síbẹ̀, mo gbé àga bàbá mi kúrò lábẹ́ igi, mo gbé e sáàárín oòrùn, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ tí òógùn ń ro tótó lára wọn, àfìgbà tí ìyàwó mi fi igbe ta.

Mo da àwọn òfin ìwé náà kọ sórí páálí ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Omi ife méjì kí a tó fọ ẹnu. Ẹ̀rín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Epo pupa kò gbọdọ̀ wọlé, ẹran màlúù kò gbọdọ̀ wọlé, ewébẹ̀ tútù sì ni oúnjẹ ọ̀sán. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fi báírò pupa fa ìlà sí nídìí: ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ máa sinmi. Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ rí kábéèjì tútù nínú àwo wọn, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mo ti di ewúrẹ́ rẹ ni?" Mo ṣàlàyé fún wọn nípa ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀. Èmi alálàyé, bí mo bá ń ti ọ́fíìsì bọ̀, mo máa ń yà ní oríta jẹ tsire, ẹran sísun tí wọ́n fi ata àti ẹ̀pà lílọ̀ pa lára, n ó sì nu ẹnu mi dáadáa kí n tó wọlé. Ìlera Bàbá ni páálí wà fún, kì í ṣe tèmi.

Nínú gbogbo òfin náà, ìrìn ló so èso. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò ní pé tí wọ́n á fi padà dé. Nígbà tó yá, ó di wákàtí kan, ó di méjì, ó sì di mẹ́rin. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìsí pé mo ń wo aago, wọ́n ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀, wọ́n ń bá ìyàwó mi ṣàwàdà. Bí wọ́n bá dé lọ́sàn-án, wọ́n á ní àwọn yó, àwọn kò lè jẹ kábéèjì. Mo sọ fún ìyàwó mi pé omi ife méjì yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ó wò mí, ó gbé kábéèjì fún àwọn adìẹ.

Àṣeyọrí ńlá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pa mọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà ní Sokoto ṣèpàdé ní Mabera, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ alága pé mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Mo sọ̀rọ̀ títí àwọn kan fi ń tòògbé. Lẹ́yìn náà mo ní kí bàbá mi dìde. "Ẹ wo Bàbá," ni mo wí, "ẹni tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n dé, a rò pé a máa pàdánù wọn ni. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ń rìn lójúmọ́ báyìí!"

Awakọ̀ takisí kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ìrìn wo? Ṣebí ìdí iṣẹ́ ni Bàbá máa ń wà ní Kofar Doya." Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó nà án sókè. "Ta ló ran èyí?" Ẹlòmíràn ṣí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Nígbà yẹn, bí èèyàn bá fẹ́ fìlà ilé wa ní Sokoto, ó ní láti ránṣẹ́ sílé ni, nítorí fìlà àwọn Hausa ni àwọn aránṣọ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n ran. Mo wo yàrá ìpàdé náà yí ká. Gọ̀bì rèé, abetí-ajá rèé, ọwọ́ bàbá mi sì ni gbogbo wọn. Wọ́n ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù kì í ṣe ẹ̀rín. Àgbàlagbà kan ló fi inú rere sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ohun tí wọ́n ń jẹ nílé kò tó wọn ni?" Bàbá mi ṣì wà lórí ìdúró, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n dìde, n kò sì tíì ní kí wọ́n jókòó.

N kò lè sọ bí ojú ṣe tì mí tó. Ọmọ wo ló ń jẹ́ kí bàbá rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ onílẹ̀, tí gbogbo ará ìlú rẹ̀ ń wò ó? Lọ́jọ́ kejì, mo gba Kofar Doya lọ. Mo bá bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ Hausa arúgbó kan, irin tí wọ́n máa ń fi bọ ìka kí abẹ́rẹ́ má gún wọn wà lọ́wọ́ wọn, àwo tuwo àti ọbẹ̀ kúkà tó kún fún ẹran wà láàárín àwọn méjèèjì. Bàbá mi kò gbọ́ Hausa ju sannu tí wọ́n fi ń kíni àti na gode tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ. Aránṣọ náà kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ kú iṣẹ́ lọ. Síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé, títí di òní n kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Bisimilla, Malam," ni aránṣọ náà wí, ó nawọ́ sí oúnjẹ. N kò jẹ. Mo fi Hausa sọ fún un pé bàbá mi ni, pé wọ́n ní ọmọ tó ń bọ́ wọn.

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Haba, Malam! Ta ló sọ pé ebi ló gbé e wá?"

Mo ní ká máa lọ. Bàbá mi fi abẹ́rẹ́ gún ara fìlà tí wọ́n ń ran lọ́wọ́, wọ́n gbé e lé bẹ́ǹṣì, wọ́n sì tẹ̀ lé mi.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òfin kan lórí páálí yẹn tí bàbá mi rú. Wọ́n mu omi ife méjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, "Hà, hà, hà," wọn kò béèrè mọ́ bóyá ó ti tó, wọn kì í sì í dákẹ́ àfi bí mo bá ní ó tó. Wọ́n ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi, láti ìdí igi dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n jẹ kábéèjì. Wọ́n sì sinmi, áà, wọ́n sinmi! Kò tó oṣù kan tí dàńṣíkí wọn fi ń fẹ̀ lára wọn. Ìyàwó mi ní, "Dádì, Bàbá ń kú lọ lójú yín o. Ẹ dá abẹ́rẹ́ wọn padà fún wọn." Mo ní ìwé sọ pé kí èèyàn máa ní sùúrù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi pè mí, wọ́n ní kí n jókòó. "O ti ṣe tìrẹ, ọmọ mi, Ọlọ́run á gbà á. Gbé mi lọ sílé. Mo fẹ́ lọ sùn ti ìyá yín." Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni a sin ìyá mi sí. Mo ní, "Bàbá, kí ló ń ṣe yín? Ara yín kò yá ni?"

"Ara mi yá," ni wọ́n wí. "N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe ni."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo ń wo aago kí bàbá mi lè rẹ́rìn-ín, mo wọ yàrá, mo sunkún bí ọmọdé, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé orúkọ mi ni mo ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé bàbá mi sẹ́yìn ọ̀kadà, a kọrí sí Kofar Doya. Ọ̀nà kò ṣàìgbé wa pàdé àwọn ọmọ ìlú wa. Ọ̀kan nínú wọn pariwo, "Akọ̀wé, ṣé ibi iṣẹ́ lẹ ń gbé Bàbá lọ?" Ó ta mí lára, ṣùgbọ́n mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Aránṣọ náà sún fún bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì, ó mú fìlà ọjọ́sí jáde, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mo dúró tì wọ́n, mo ń retí nǹkan kan, bóyá ọpẹ́, bóyá ìbáwí. Bàbá mi kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ṣé o kò ní lọ sí ọ́fíìsì lónìí ni?"

Wọ́n ran fìlà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó kú. Ìyàwó mi ká páálí òfin kúrò lára ògiri, ó fi bo ẹnu àmù, ó sì wúlò níbẹ̀ dáadáa. Ó ti pẹ́ báyìí. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ti gba gbogbo Kofar Doya, àwọn ọmọ mi sì ń fi ìmọ̀ràn ìlera ránṣẹ́ sórí fóònù mi lójoojúmọ́: ata ilẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ fún okun. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni ti ọjọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá mi. Àwọn ẹbí wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, alùfáà tó tẹ̀ lé wọn sì yìn mí níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní ọmọ bí èmi ṣọ̀wọ́n, pé mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n sinmi, pé kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Sokoto mọ òtítọ́, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ní àmín. Aránṣọ Hausa náà jókòó tì mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó ní àmín. Èmi gbọ́ ọ yéké, èmi náà ní àmín. Ìsinmi tí wọ́n ń yìn mí fún yẹn, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi.