Bóòtù Mẹ́rin Lọ́wọ́ Pinpin

Kò sí mẹkáníìkì kan ládùúgbò náà tí kò tíì bú Pinpin rí. Kì í ṣe pé ó ja ẹnikẹ́ni lólè. Kì í sì í ṣe pé ó lẹ́nu burúkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí wọ́n bá tọ́ ọ, ẹnu ọ̀hún ń bẹ níbẹ̀. Bóòtù tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ dè ni kì í tú. Ẹni tó bá fẹ́ tú u á ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, á fẹsẹ̀ ti ara mọ́tò, á làágùn yọ̀bọ̀, ibẹ̀ ni á ti máa ṣépè fún ẹni tó dè é. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Pinpin nìyẹn. Ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí ìyá rẹ̀ fún un lọ.

Kò kúkú dédé bẹ̀rẹ̀ sí í fún bóòtù báyẹn. Láti ọjọ́ tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí táyà bá yọ lójú ọ̀nà, wọ́n á béèrè bóyá obìnrin yẹn ló dè é. Bí nọ́ọ̀tì bá já bọ́ lára mọ́tò tí kò fojú kàn rí, òun náà ni. Pinpin kò bá wọn jiyàn. Ó kàn pinnu pé ohun tóun bá ti dè, ó parí.

Nígbà tó yá, orúnkún ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò mọ́. Bàbá wá sọ ọ́ síta pé bí Pinpin bá lè dá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí mọ́tò náà sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, òun á fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ká àbúrò Bàbá lára. Ọkùnrin yìí kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́, àmọ́ tó bá di ká jókòó, kò sẹ́ni tó lè bá a du ipò kìíní. Orí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ló ti ń bójú tó ohun gbogbo. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n òun kò ní di ti obìnrin níṣojú òun.

Mọ́tò tó bọ́ sí Pinpin lọ́wọ́ jẹ́ ti nọ́ọ̀sì kan tó máa ń lọ tọ́jú àwọn aláìsàn tí kò lè dìde nílé wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jóná, nọ́ọ̀sì sì ti wá àlòkù kan tó dáa rà. Pinpin fi ṣéènì gbé èyí tó jóná jáde, ó gbé èyí tí nọ́ọ̀sì rà wọlé, ó so gbogbo wáyà àti páìpù pọ̀, ó sì de gbogbo bóòtù bó ṣe máa ń dè é. Láàárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ wá gbé mọ́tò, Pinpin ṣíná sí i, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ó tẹ tótù, ẹ́ńjìnnì ké. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tótù, èyí tí wọ́n fi ń mú mọ́tò sáré, kò dákẹ́. Ó ń ké lọ bíi pé ẹnì kan ṣì dúró lé tótù. Pinpin sáré pa á.

"Mo ti sọ," ni àbúrò Bàbá wí lórí bẹ́ǹṣì.

"Kí lẹ sọ, Bọ̀ọ̀dá?" ni Pinpin béèrè.

"Pé òkú ẹ́ńjìnnì lo gbé síbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n wá wọ́ mọ́tò náà lọ síbòmíràn kó tó lọ pa èèyàn."

"Kò ní lọ síbì kankan."

Bàbá jókòó sórí àga tirẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Pinpin mọ̀ pé bí nọ́ọ̀sì bá dé bá mọ́tò yìí bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti tán nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì náà ń mí bí èèyàn ṣe ń mí, bọ́dì tótù sì ni imú rẹ̀. Ihò roboto kan ni, tí ìdérí pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ tótù, wáyà á fa ìdérí náà ṣí. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, sípíríǹgì á dá a padà. Ti mọ́tò yìí ń ṣí, kò padà. Pinpin tú orí wáyà kúrò, ó fà á wò, wáyà ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀. Kì í ṣe wáyà. Ó wá tú bọ́dì náà látòkè délẹ̀. Inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi epo pẹtiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò ti ìdérí, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì padé, pá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó dè é pinpin, ó ṣíná. Ẹ́ńjìnnì tún figbe ta.

"Èyí ńkọ́?" ni àbúrò Bàbá béèrè, ó ń gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Pinpin mú sípánà. Ó tún tú u. Lọ́wọ́, ìdérí ń padé. Ó dá a padà, kò padé mọ́. Inú bí i débi pé ó ń bá irin sọ̀rọ̀. "Lọ́wọ́ mi o ń gbọ́ràn, lára ẹ́ńjìnnì o ń ya olórí kunkun. Ta lo fẹ́ dójú tì?"

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ló dá a dúró. Kí ló wà lára ẹ́ńjìnnì tí kò sí lọ́wọ́ òun? Bóòtù mẹ́rin ni. Ó fi ìka lásán yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, kò fọwọ́ kan sípánà, ìdérí sì ń padé. Ó wá mú sípánà, ó ń dè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń dán an wò. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, tó fún un bó ṣe máa ń fún un, ìdérí ha mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò, ó dúró gbagidi. Ó dẹ bóòtù náà díẹ̀. Pá, ó padé.

Ara Pinpin wálẹ̀. Irin bọ́dì náà rọ̀ ju ti ìdí ẹ́ńjìnnì lọ, òun ló sì fún un títí ihò roboto fi wọ́. Ó dùn ún, ká má parọ́, ó dùn ún wọra. Ohun tó fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí wá ló fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè rọra dẹ bóòtù kó sì ní ìdọ̀tí ni. Ta ni yóò mọ̀?

Ibi tó ti ń rò ó ni nọ́ọ̀sì ti wọlé, Bàbá sì béèrè ohun tó ṣe mọ́tò.

"Ọwọ́ mi ni, sà," ni Pinpin dáhùn. "Mo fún un jù."

Àbúrò Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, ọwọ́ mi náà ló wá a rí. Tiyín ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Láti àárọ̀, kí lọwọ́ tiyín ṣe?"

Pinpin bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó de mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wẹ́rẹ́, wọ́n mú dáadáa, ó sì ṣíwọ́. Ọwọ́ ń yún un kó fi díẹ̀ kún un. Kò fi kún un. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ṣíná. Ó tẹ tótù, ẹ́ńjìnnì ké. Ó gbẹ́sẹ̀, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Bàbá wúkọ́. "O gbìyànjú. Ṣọ́ọ̀bù di tìẹ. Àmọ́ orúkọ àbúrò mi la máa kọ sára pátákó. Ìwọ náà mọ bí àwọn oníbàárà ṣe rí. Kọ́kàn wọn lè balẹ̀ ni."

Pinpin ń fi àkísà nu ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un sọ."

Bàbá tún un sọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò dún tó ti àkọ́kọ́.

"Ẹ ṣé, sà," ni Pinpin wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, mi ò ní gbàgbé láéláé." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà rẹ̀ sínú àpótí.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Mọ́tò mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀."

"Ẹni tórúkọ rẹ̀ máa wà lára pátákó ni kó ṣe wọ́n, sà."

Kò sẹ́ni tó bẹ nọ́ọ̀sì kó tó lọ ṣí búùtù ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Pinpin gbé àpótí síbẹ̀, ẹ̀yìn mọ́tò sì tẹ̀ díẹ̀. Ó wọlé síwájú, ó pa ilẹ̀kùn dé. Bàbá ti dìde dúró lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó ń pè é, àmọ́ mọ́tò ti dé ẹnu géètì.

"Àbúrò mi, níbo ni kí n gbé ọ lọ?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

Pinpin nawọ́ sí ilẹ̀ òfìfo tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù gan-an. "Ẹ kàn sọdá títì, mà. Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí mi."