Bí Bàbá Ṣe Ń Rìn Nílé Àbúrò Mi

Mo fẹ́ràn àbúrò mi o. Kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa sọ pé mo ń bínú ẹni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí bó ṣe ń bá ayé lọ láìlàágùn, tí tọmọdé tàgbà ń rẹ́rìn-ín sí i, inú á bí ẹ̀yin náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé fídíò, kó sì máa tò ó pọ̀. Àwọn tó bá ya fídíò ìgbéyàwó tàbí ìpolówó ọjà á kó o wá bá a, òun á wọ yàrá kékeré kan tó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, á máa wò, á máa gé. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé bí àwòrán kan bá fò láàárín ẹgbẹ̀rún, á rí i. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ ìyá wa bá bọ́ sílẹ̀, èmi tí mo padà di aránṣọ ni mo máa ń fọwọ́ pa ilẹ̀ kiri, òun á kàn bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìyá á ní, "Olójú ire ọmọ mi." Èmi wá jẹ́ olójú kí ni?

Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni mo mú ìyá sọ́dọ̀. Èmi ni àkọ́bí, ó tọ́ sí mi. Mo fún un ní yàrá tó dára jù nílé, mo fọwọ́ ara mi rán aṣọ fèrèsé rẹ̀, mo sì ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán, torí ohun kan ṣoṣo tí ìyá máa ń wò ni fídíò tí àbúrò mi ya nígbà tí Bàbá wà láyé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá jáde láti ẹnu ọ̀nà, ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá, ó ń ráhùn pé kí wọ́n yéé ya òun. Ìyá kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ kó má wò ó.

Àfi bí ìyá ṣe lọ kí àbúrò mi nílé rẹ̀, tó padà dé, tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n mi, tó ní, "Hùn."

Mo ní, "Kí ló dé, Màámi?"

Ó ní, "Bàbá yín ń rìn dáadáa lọ́hùn-ún. Níbí, ńṣe ló ń tiro."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Tẹlifíṣọ̀n àbúrò mi ò tó ìdajì tèmi. Mo wo Bàbá títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò rí nǹkan kan. Mo sọ fún ọkọ mi pé ahọ́n oyin àbúrò mi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, pé ó fẹ́ gba ìyá mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkọ mi ní kí n rọra. Mo ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì.

Àbúrò mi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kò sí ohun tó ṣe é. Ẹni tó tà á fún mi ni mo pè, ó sì ní kí n tan ohun kan tó máa ń mú kí àwòrán máa lọ geere. Mo tàn án. Ojú Bàbá ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń yọ́ wọ inú ara wọn bí àbẹ́là. Ìyá wò ó, ó ní, "Ta nìyí?" Mo yáa pa á.

Láti ìgbà náà, bí ìyá bá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, àtidé á di wàhálà. Lọ́jọ́ kan, mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ sínú báàgì ńlá. Ó ní kí n má bínú, òun rò pé òun á kúkú kó lọ síbẹ̀, pé bí òun ò bá lè rí ọkọ òun láàyè mọ́, kí òun máa rí i bó ṣe rí. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sunkún dáadáa, mo sì ṣépè díẹ̀ fún àbúrò mi, èyí tí kò lè mú èèyàn.

Ó wá mú ìyá ní ọ̀sán Sátidé. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo fi imú dá a lóhùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo bí Bàbá ṣe ń tiro yìí ká tó lọ."

Mo ní, "Máa wò ó. Ṣebí ìwọ lo lójú."

Bàbá ò tíì dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà tí àbúrò mi fi mi orí. "Màámi ò purọ́. Àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo yà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n yín ń pààrọ̀ ojú nígbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà."

"Ọgọ́ta ò ha pọ̀ jù ú lọ ni?"

"Tí ẹ bá fẹ́ pín ọgọ́ta búrẹ́dì fún ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ńkọ́?"

Mo rò ó. "Àwọn kan á gba méjì, àwọn kan á gba mẹ́ta."

"Ìjà á sì dé," ni ìyá wí láti orí àga rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màámi. Àwòrán kan á pẹ́ lójú, èyí tó tẹ̀ lé e á yára lọ, ni Bàbá fi ń tiro. Ìgbà àádọ́ta ni tèmi ń pààrọ̀ ojú. Kálukú gba méjì méjì."

Ó mú rìmóòtù àpótí kékeré tó ń gbé fídíò jáde, ó wọ ibí, ó wọ ọ̀hún, títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kí tẹlifíṣọ̀n máa tẹ̀ lé ìwọ̀n tí fídíò bá bá wá. Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn biribiri.

Mo ní, "Ó ti bà á jẹ́. Màámi, ẹ wò ó, ó ti bà á jẹ́." Kí n sòótọ́, inú mi ti fẹ́ máa dùn.

Ló bá mọ́lẹ̀. Bàbá jáde láti ẹnu ọ̀nà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti ń tiro tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Òun nìyẹn." Ó wá kọjú sí àbúrò mi, ó ń ṣàdúrà fún un, àdúrà ò tán bọ̀rọ̀, nínú ilé tèmi, níwájú tẹlifíṣọ̀n tí mo rà. Mo jowú débi pé etí mi gbóná.

Nígbà tí àdúrà tán, ìyá ní kí n bá òun dá aṣọ òun padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Òun ò lọ mọ́.

Mo sin àbúrò mi dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Mo rí bẹ́ẹ̀dì tuntun lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Mo ní, "Ta lo ra ìyẹn fún?"

"Màámi ni. Mo ti kun yàrá náà pàápàá." Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"O mọ̀ pé bí o bá tún un ṣe, kò ní bá ẹ lọ?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ibí. Bàbá tó ń tiro nìkan ló ń lé e."

Ó wakọ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn Bàbá látinú ilé, ó ń ráhùn pé kí wọ́n yéé ya òun. Ìyá wà lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì tún ń jowú àbúrò mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Torí ká ní èmi ni mo wà nípò rẹ̀, tí mo mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ yẹn, ǹ bá jẹ́ kí Bàbá máa tiro lọ.