Ohùn Ìyá Gúnrégé Nínú Àwo Orin

Ìyá Gúnrégé ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí pé aṣọ tó bá rún bí ewé gbígbẹ, tó bá ti gba abẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá, á gún régé ni. Ilé ìfọṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ooru ti máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ kó aṣọ wá. Ẹ̀wù dúdú alápá kúkúrú kan wà nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ sí i láyà pé: ILẸ̀KÙN Ò TÌ O.

Ìyá Gúnrégé ti ń lọ̀ ọ́ kó tó ka ohun tó wà lára rẹ̀. "Níbo lẹ ti rí ọ̀rọ̀ yìí?" ló bi í.

"Ẹgbẹ́ olórin kan ló ni ín, mà. Òjò Ọ̀sán. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí rédíò ń gbé. Orúkọ àwo orin wọn àkọ́kọ́ nìyẹn. Nínú orin tó kẹ́yìn, ẹ ó gbọ́ ohùn ìyá kan tó ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní kó máa bọ̀, ilẹ̀kùn ò tì o. Gbogbo àwa tá a fẹ́ràn wọn la mọ̀ ọ́n sórí."

Bí kì í bá ṣe pé òórùn jíjó ta sí i nímú, áyọ́ọ̀nù ì bá jó ẹ̀wù náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òjò Ọ̀sán ni ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń ta gìtá fún. Òun sì ni ìyá tó sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ọmọ náà pa ẹ̀kọ́ ìṣirò owó tì ní yunifásítì nítorí gìtá ni baba rẹ̀ gbaná jẹ. Kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni ọkùnrin náà ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ máa ta okùn, kó lọ sùn síbi tí okùn wà. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ilẹ̀kùn mi á tì." Ọmọ kó ẹrù ẹ̀ lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nílùú mìíràn. Ìyá ò jiyàn. Àmọ́ tí ọkọ bá ti ń han-an-run, á yọ́ dìde, á ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀, kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ á sì tún tì í. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà kan tí àárò ọmọ mú un, tí ọmọ ò gbé ìpè, ló gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù ọmọ náà pé ilẹ̀kùn ò tì.

Kí ló tún sọ lọ́jọ́ náà? Ó rántí pé òun sunkún. Ìyókù ti fò lọ lórí rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá já bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, èyí sì ti fọ́ sétí ayé. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kó aṣọ wá, ẹ̀rù ń bà á kí ọkọ rẹ̀ má lọ gbọ́ ọ. Tí ẹnikẹ́ni bá tan rédíò ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, á dá dúró, á dẹtí. Tí ọkọ bá pe orúkọ rẹ̀ láti pálọ̀, á rò pé ó ti gbọ́ ọ. Ó pe ọmọ náà títí, wọ́n ní fóònù rẹ̀ ò sí ní títàn.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà fẹ́ pàdé lọ́sàn-án Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin, kí wọ́n jọ gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá Gúnrégé fi í pa mọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn gìtá tí wọ́n gbé kọ́.

Orin náà ń pariwo bí òjò lórí páànù. Ó yà á lẹ́nu pé gbogbo wọn mọ ibi tí gìtá á ti ké àti ibi tó ti máa dákẹ́. Níbì kan, ọ̀pá ìlù já bọ́ lọ́wọ́ onílù, àwọn olórin náà ò sì yọ ọ́ kúrò. Kó tó dé ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti na ọwọ́, wọ́n ṣe bí ẹni ń hán an. Olùkọ́ apárí kan ní, "Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Wọn ò díbọ́n pé àwọn ò ṣàṣìṣe." Ọmọ ẹni lẹni wọ̀nyí ń yìn báyìí o, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀rù tó ń bà á.

Orin ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Gìtá rọlẹ̀, ohùn tirẹ̀ sì jáde:

"Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ ni. Bàbá ẹ ti sùn. Tó bá ti sùn tán, mo máa ń lọ ṣí i. Ilẹ̀kùn ò tì o. Máa bọ̀."

Gbogbo wọn ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà. Olùkọ́ apárí ń nu ojú. Inú bí Ìyá Gúnrégé, ojú tì í, ara rẹ̀ sì tún fúyẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ ìgbà tó sọ ọ́ síta pé, "Wọn ò tiẹ̀ bi mí kí wọ́n tó fi ohùn mi sí i."

Nọ́ọ̀sì yíjú padà. Ó wò ó títí. "Màmá," ló wí, jẹ́jẹ́. Ìyá Gúnrégé fi ìka lé ètè. Nọ́ọ̀sì mi orí pé òun ti gbọ́, ó sì kọjú síwájú.

Nígbà tó délé, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un lórí ìdúró.

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn. "Olè ì bá ti kó wa lọ," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Èmi tí mò ń ta àgádágodo."

"Mo mọ̀, Bàbá ọmọ mi. Ẹ má bínú."

Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Orin náà ńkọ́? Ṣé ó dáa?"

"Ariwo ẹ̀ pọ̀. Àmọ́ àwọn èèyàn ń sunkún sí i."

Ó ní kó pe ọmọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ gbé e. Baba gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sétí.

"Wọ́n ní onílù yín ń ju ọ̀pá sílẹ̀," ló wí.

Ọmọ náà mọ ohùn baba rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."