Orúkọ Ará Ítálì Tí Bàbá Mi Kò Pa Dà

Orúkọ ará Ítálì ni bàbá mi ń jẹ́, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí tán á mọ ìdí tí mi ò fi kọ ọ́. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, tí tíṣà bá ń pe orúkọ wa, tó bá ti kan tèmi, á gbé ojú sókè, á sì bi mí bóyá òyìnbó ló bí mi. Èmi tí mo dúdú bí kóró iṣin!

Àlàyé bàbá mi kò gùn. Wẹ́dà ni nígbà tó wà ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ dáàmù ńlá. Ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ ará Ítálì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé orúkọ ọ̀gá yìí ni gbogbo ibi iṣẹ́ fi ń pè é. Orúkọ náà ló wà nínú ìwé rẹ̀ nígbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Gánà ní 1969, tí ìyá mi pọ̀n mí wá sí Ìlobù. Ó kọ́lé sí Ìlobù, ó ń ta abọ́ tánganran, kò sì pa orúkọ náà dà. Gbogbo àwọn tí a jọ ti Gánà dé ni wọ́n mọ orúkọ ilé wọn, tí wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Ní tèmi, n kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ wẹ́rẹ́; tí mo bá fẹ́ ra ẹyin pàápàá, mo máa ń gbọ̀n ọ́n létí ná. Wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni bàbá mi wò? Tí mo bá bi í, á ní kí n lọ nu abọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo ti di tíṣà ní Ìlobù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fẹ́ fẹ́ mi. Tíṣà lòun náà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a ti pàdé, ọmọ Ìfọ́n sì ni. Ìfọ́n kò jìnnà sí wa, kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí wa. Ọmọ Ìfọ́n tó bá ń wádìí ìdílé ẹnikẹ́ni ní Ìlobù, wọn á ní lọ́yà ló rán an. Bí ọmọ Ìlobù bá débẹ̀, ohun kan náà ni wọn á sọ.

Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún bàbá mi lọ́dún kan gbáko. Nígbà tí mo wá sọ ọ́, ó ní kí ó máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bó ṣe tètè gbà yẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó dé lọ́sàn-án Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá mi gbé mínírà fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ fi àwàdà wọ bàbá mi lójú, ló bá fa ìwé fúlísíkáàpù kan yọ. Ó ti lọ sí láíbìrì ní Òṣogbo, ó ti wá gbogbo ẹni ńlá tó ń jẹ́ orúkọ wa jáde: àlùfáà àgbà kan, ẹnì kan tó ń ya àwòrán sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, dókítà kan, ọ̀gágun kan tó sá lójú ogun, àti agbábọ́ọ̀lù kan. Ó kọ ìlú tí wọ́n ti bí oníkálukú sí i, ó sì kọ orúkọ bàbá àwọn tó rí.

"Àwọn mọ̀lẹ́bí yín rèé, sà," ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi kà á látòkè délẹ̀, ó tún un kà.

"Ta ló ní kí o lọ máa tú ìdí orúkọ mi?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà. Eré ni mo fi ṣe. Ẹ má bínú, sà."

"Eré. Agbo ilé wo lo ti wá ní Ìfọ́n?"

Ó dárúkọ agbo ilé wọn, ó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún un. Bàbá mi rọra gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá mi wò ó lójú, ó sì wọ kíṣìnnì lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Mo rí wọn.

"Máa lọ sílé," bàbá mi sọ fún un. "Má sì padà wá síbí mọ́."

Nígbà tó lọ tán, bàbá mi ní ẹ̀rí ni ọmọ náà ń kó jọ fún ẹjọ́ ilẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ èyí: mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fura sí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Kí ló dé tó fi kọ ìlú tí wọ́n ti bí wọn? Àfi ní ọjọ́ kẹrin tí mo rántí pé kì í ṣe ìwé yẹn ló jẹ́ kí bàbá mi gbé ife kalẹ̀. Agbo ilé ni.

Mo lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí páálí abọ́. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ ò bá sọ ohun tó pa yín pọ̀ mọ́ agbo ilé yẹn fún mi, màá lọ bi bàbá ọmọ náà ní Ìfọ́n."

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá mi ló jẹ́ ọmọ Ìlobù," ó ní. "Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá tó bí mi, agbo ilé yẹn gan-an. Bàbá ọmọkùnrin yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Wọ́n rò pé mo ti kú sí Gánà. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fún mi ní ilẹ̀ tí a kọ́lé sí, wọ́n sì ti kú tán. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ orúkọ òyìnbó kó mọ ibi tí mo ti wá. Tí àwọn ará Ìlobù bá gbọ́ lónìí, wọ́n á ní amí Ìfọ́n ni mí láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n lè pa mí."

Mo sunkún. Inú bí mi sí i débi pé mi ò lè wò ó. Èmi àti ọkọ àfẹ́sọ́nà mi, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ìgbéyàwó ti di èèwọ̀. Mo bi ìyá mi bóyá òótọ́ ni, ó ní kí n pa ohùn mi mọ́lẹ̀, ògiri létí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé ìwé mi lásìkò ìsinmi. Ó ti rù. Ó ní bó bá jẹ́ ìwé yẹn ni, òun á wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi láàárọ̀ lálẹ́. Ẹnu ń yún mi láti sọ fún un. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wà lára àwọn àgbà tó ń tẹ̀lé ẹjọ́ ilẹ̀ náà, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ò sì ní ṣàì sọ fún bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò fọkàn tán an.

"Ṣé torí pé mo jẹ́ ọmọ Ìfọ́n ni?" ó bi mí.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sáré kiri lẹ́yìn wa. Mo wo iwájú orí rẹ̀, ti bàbá mi ni, mi ò mọ bí mi ò ṣe rí i látọjọ́ yìí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Torí pé o jẹ́ ọmọ Ìfọ́n ni."

Ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, kò tíì gùn ún.

"Mo sì ti sọ fún bàbá mi," ó ní, "pé ìwọ ò rí bí àwọn ará ìlú rẹ."