Àdúrà Jímọ̀ Tó Wà Nínú Fóònù Mi

Ìyá mi máa ń húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo rántí pé láràárọ̀ Jímọ̀, kí n tó ṣí ìsọ̀ aṣọ mi ní Adjamé, ikọ́ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú fóònù. Àbúrò mi obìnrin ló ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Ṣakí, tó ń fi í ránṣẹ́ sí mi ní Abidjan. Ìyá á dárúkọ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àtàwọn tó ti kú, á wá ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n di ẹni ìgbàgbé nílùú onílùú. Màá ṣe àmín, màá fọwọ́ pa ojú, màá sì lọ tajà.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi. Alihamudulilahi, kò kú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ. Àbúrò mi ti pààrọ̀ fóònù, àwọn ohùn tó gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ohùn ìyá wa, inú fóònù mi ló wà.

Fóònù ọ̀hún sì kún. Àwòrán aṣọ tí àwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́ kò wọlé mọ́. Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká da ohùn Ìyá sórí fóònù tèmi ná." Mo ní ó di ọ̀la.

Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi ni ọkùnrin kan ti ń tún fóònù ṣe. Ará Ìgbòho ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń tiro. Mo ṣàlàyé fún un. Ó yẹ fóònù mi wò, ó rẹ́rìn-ín, ó fi Faransé pè mí ní bàbá.

"Vieux père, ohùn màmá kọ́ ló gba àyè. Àwọn nǹkan tí ilé-iṣẹ́ kó síbẹ̀, tí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ yọ, àwọn ni. A máa rúùtì ẹ̀, ìyẹn ni pé a máa já àgádágodo inú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa wá di patron rẹ̀, ọ̀gá pátápátá, èyí tó bá wù yín lẹ máa yọ."

"Kò léwu?"

"Ewu kẹ̀? Cinq minutes, ìṣẹ́jú márùn-ún péré!"

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti fi òwe yẹn bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wí. Ṣùgbọ́n mo ṣe àlùwàlá, mo ka bisimilahi sórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbé e fún un, bí ẹni pé bisimilahi lè rọ́pò ìmọ̀ tí n kò wá. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ojú fóònù ṣẹ́, ó dúdú. A tẹ̀ ẹ́ títí, a fi iná sí i, kò jí.

"Vieux père, ó ti di bíríkì." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣùgbọ́n garantie rẹ̀, àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ò tíì parí. Ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Riviera, kẹ́ ẹ ní ibi tó ti ń gba iná ló kú sí."

Nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé mi lọ, mo ń há irọ́ yẹn sórí bí ẹni ń há súrà. Nígbà tí obìnrin tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà bi mí ní Faransé pé ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣí i, n kò pa irọ́ náà mọ́. Mo jẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ rò pé Ọlọ́run yóò torí òtítọ́ mi dá ohùn náà padà.

"Ẹ ti já àgádágodo inú rẹ̀, Tonton. Garantie ti bọ́ nìyẹn."

"Ẹ fi garantie sílẹ̀. Ohùn ìyá mi ni mo fẹ́."

Ó rọra gbé fóònù kalẹ̀. "Kí wọ́n tó ṣí àgádágodo yẹn, fóònù á kọ́kọ́ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Bó tiẹ̀ jí lónìí, òfìfo ni. Yakó, ẹ pẹ̀lẹ́, Tonton."

Mo jókòó sórí àga wọn títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ní báyìí, èmi ni mò ń pe Ṣakí ní Jímọ̀. Àbúrò mi á gbé fóònù sí etí Ìyá, èmi á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà rẹ̀ bó ṣe máa ń kà á. Mo dúpẹ́ pé ó ṣì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n níbì kan, àbúrò mi á ní, "Bùọ̀dá, ó tún ti ń fìka kan ẹní." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni alífáà ilé-kéwú wa máa ń kan wàláà bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan. Orúkọ kan wà tí Ìyá máa ń pè, tí n kò rántí pè. Alífáà máa ń sọ èyí tí mo fò fún mi. Ìyá kò lè sọ ọ́.

Mo tún húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún bẹ̀rẹ̀.